Agbada Àwọn Ará Ṣáínà: Oúnjẹ Tí Ó Bá Àwọn Ọmọ Rẹ̀ Dé Òkèèrè

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àwọn àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní ìdálẹ̀ mọ ìtumọ̀ òwe yìí dáadáa. Púpọ̀ nínú wa ni ó ti kọ́ bí a ti ń gé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹ̀fọ́ wẹ́wẹ́, tí a sì ń dín wọn pọ̀ bí àwọn ará Ṣáínà ti ń ṣe é, nítorí pé kò náni lówó púpọ̀, kò sì gba àkókò lọ́wọ́ ẹni tí ó ní ìwé láti kà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì ni mo máa ń gbọ́ láàárín wa. Èkíní ni pé ohun tí à ń dín yìí kì í ṣe ojúlówó oúnjẹ Ṣáínà. Èkejì ni pé ọbẹ̀ tí àwa fúnra wa ń fi ẹ̀fọ́ òyìnbó àti tòmátì inú agolo sè ní Ìlú Ọba níhìn-ín kì í ṣe oúnjẹ Yorùbá mọ́. Ọmọ ìyá kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí ìtàn bá wa dá ẹjọ́ wọn.

Chao ni àwọn ará Ṣáínà ń pe irú dídín yìí. A ó da òróró díẹ̀ sínú agbada irin tí ó ti gbóná janjan, a ó da ohun tí a ti gé sí i, a ó sì máa rò ó láìdáwọ́ dúró títí yóò fi jinná láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Agbada náà, tí àwọn ará Guangdong ń pè ní wok, kò jìnnà sí èyí tí àwọn ìyá wa fi ń dín àkàrà: ìdí rẹ̀ rí roboto, ẹnu rẹ̀ sì fẹ̀.

Kì í ṣe láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni chao ti gbilẹ̀ ní Ṣáínà. Bíbọ̀, fífi ooru omi sè àti yíyan ni ó wọ́pọ̀ láyé àtijọ́. Ní ọ̀rúndún kẹfà, ìjòyè kan tí ń jẹ́ Jia Sixie kọ ìwé ńlá kan lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ àti oúnjẹ, Qimin Yaoshu. Níbẹ̀ ni a ti rí bí a ti ń fi òróró yánmọtí dín ẹyin pẹ̀lú àlùbọ́sà eléwé. Láyé ìjọba Song, láti 960 sí 1279, ni ọ̀nà yìí wá gbilẹ̀, pàápàá ní Kaifeng tí í ṣe olú-ìlú nígbà náà. Èrò kún ìlú, ilé oúnjẹ pọ̀, irin pọ̀, ṣùgbọ́n igi ìdáná wọ́n, èédú inú ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ sì ń dá. Àwọn òpìtàn so chao mọ́ irú ipò bẹ́ẹ̀. Ẹran tí a bá gé tín-ín-rín kì í jẹ iná púpọ̀. Bí ẹran kò bá sì tó, ẹ̀fọ́ ni a ó fi bù kún un. Àìní ni ó kọ́ wọn ní ọgbọ́n yìí.

Ẹlẹ́dẹ̀ ńkọ́? Ó ti lé ní 8,000 ọdún tí wọ́n ti ń sìn ín ní Ṣáínà. Àmì tí wọ́n fi ń kọ “ilé” nínú ìwé wọn, ẹlẹ́dẹ̀ lábẹ́ òrùlé ni. Ṣùgbọ́n àwọn Mùsùlùmí ibẹ̀ tí à ń pè ní Hui kì í jẹ ẹ́. Ẹran àgùntàn tàbí ti màlúù ni wọ́n ń dín, ọ̀nà náà kò sì yí padà. Nítorí náà, kí àwọn Mùsùlùmí àárín wa má ṣí ojú ewé yìí kọjá.

Ìgbà tí oúnjẹ yìí wọ ọkọ̀ òkun ni ìtàn rẹ̀ wá jọ tiwa. Láti nǹkan bí 1849 ni àwọn ènìyàn Guangdong, pàápàá àwọn ará Taishan, ti ń lọ wá wúrà ní California. Àwọn ni wọ́n ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ ọ̀nà rélùwéè tí ó parí ní 1869. Ní 1882, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin tí ó ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn lébìrà láti Ṣáínà, wọn kò sì fagi lé e títí di 1943. Bí wọ́n ti ń lé wọn kúrò nídìí iṣẹ́ mìíràn, ọ̀pọ̀ di alágbàfọ̀ àti alásè. Ohun tí wọ́n rí ní ọjà Amẹ́ríkà ni wọ́n gé sínú agbada, oúnjẹ náà sì ń jẹ́ chop suey, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju àgékù oríṣiríṣi lọ. Àwọn kan ní alásè Li Hongzhang ni ó hùmọ̀ rẹ̀ nígbà tí ìjòyè náà bẹ New York wò ní 1896. Àròsọ ni, nítorí pé orúkọ rẹ̀ ti jáde nínú ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà ṣáájú ọdún náà.

Ní Kúbà, ọ̀nà tiwọn àti tiwa tilẹ̀ pàdé. Láàárín 1847 àti 1874, nǹkan bí 125,000 ará Ṣáínà ni a kó lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé àdéhùn ọdún 8. Nínú oko ìrèké ni wọ́n ti bá àwọn ẹrú láti Áfíríkà ṣiṣẹ́, tí àwọn Lukumí, ọmọ Yorùbá, wà lára wọn. Ìdí nìyí tí àwọn kan ní Kúbà fi ń so Sanfancón, ẹni mímọ́ àwọn ará Ṣáínà ibẹ̀, pọ̀ mọ́ Ṣàngó.

Ní Ìlú Ọba ńkọ́? Láti 1866 ni ọkọ̀ Blue Funnel ti ń ná Liverpool àti Ṣáínà, àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ sì tẹ̀dó sí Liverpool àti Limehouse ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1945 sí 1946, lẹ́yìn tí wọ́n ti bá ilẹ̀ yìí sin ogun tán, ìjọba kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn ti Liverpool padà sí Ìlà Oòrùn tipátipá. Àwọn kan fi ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀ láìdágbére. Láàárín 1950 sí 1970 ni àwọn àgbẹ̀ láti Hong Kong wá dé, tí ilé oúnjẹ wọn fi tàn ká ìlú ńlá àti kékeré.

Báwo ni oúnjẹ náà ṣe wá kúrò ní ilé oúnjẹ, tí ó wọ yàrá ìdáná tiwa? Ẹnì kan ni ó kọ ọ́ sílẹ̀. Buwei Yang Chao, tí a bí ní 1889, lọ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Tokyo. Oúnjẹ ibẹ̀ kò bá a lẹ́nu mu, ni ó bá bẹ̀rẹ̀ sí dáná fúnra rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ni, bíi tiwa! Nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀, Yuen Ren Chao, onímọ̀ èdè, wá ń gbé ní Amẹ́ríkà, ó ṣe ìwé kan, How to Cook and Eat in Chinese, tí ó jáde ní 1945. Ọkọ rẹ̀ àti Rulan ọmọ wọn ni wọ́n bá a fi Gẹ̀ẹ́sì gbé e kalẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò ní ọ̀rọ̀ fún chao. Ìwé yìí ni ó fún un ní stir-fry.

Bí a ti ń ṣe é fún ènìyàn méjì nìyí. Ẹ gé giráàmù 250 ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí kò lọ́ràá púpọ̀ pẹlẹbẹ, ní ìdábùú iṣan rẹ̀. Ẹ fi ṣíbí ńlá kan soy sauce àti ṣíbí kékeré kan kọnfláwà pò ó. Soy sauce ni omi dúdú oníyọ̀ tí a rí lára ẹ̀wà sóyà tí a ti jẹ́ kí ó kan; ẹni tí ó mọ irú kò ní fi òórùn rẹ̀ ṣe àjèjì. Ẹ fọ kárọ́ọ̀tì àti kábéèjì, ẹ gé wọn, kí ẹ sì jẹ́ kí omi gbẹ lára wọn, nítorí ẹ̀fọ́ tí omi wà lára rẹ̀ bíbọ̀ ni yóò bọ̀, kò ní dín. Nígbà tí agbada bá ń rú èéfín díẹ̀, ẹ da òróró ẹ̀pà ṣíbí ńlá méjì sí i, kí atalẹ̀ àti áyù tẹ̀lé e. Ẹ dín ẹran náà ní ìdá méjì. Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ dà á lẹ́ẹ̀kan, agbada yóò tutù, ẹran yóò sì máa sun omi. Tí ó bá jinná, ẹ kó o jáde. Kárọ́ọ̀tì tí ó le ni kí ó kọ́kọ́ wọlé, kí kábéèjì tẹ̀lé e. Ẹ dá ẹran padà, ẹ wọ́n soy sauce díẹ̀ sí i, ẹ rò ó fún ìṣẹ́jú kan. Ìrẹsì ni ẹ ó fi jẹ ẹ́.

Kí wá ni ìdájọ́? Bí kábéèjì Liverpool kò bá ba chao jẹ́, ẹ̀fọ́ òyìnbó kò ba ọbẹ̀ wa jẹ́. Ohun tí àwọn ènìyàn Taishan gbé sọdá òkun kì í ṣe ẹ̀fọ́, ìmọ̀ ọwọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ ọwọ́ máa ń bá ọwọ́ lọ. Bí ẹ bá bi ìyá yín léèrè bí iyọ̀ àti epo ọbẹ̀ rẹ̀ ti pọ̀ tó, “ìwọ̀nba” ni yóò wí. Ìwọ̀nba yẹn ni kí a tètè wọ̀n, kí a kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá, nígbà tí ẹni tí a ó bi ṣì wà. Kí olúkúlùkù wa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ kan ṣoṣo, kí ó sì mú un wá sí ojú ewé yìí. Ire o.