Ìjídìde: Ohun Tó Ń Sọ Ọ́ Di Ìjọba Ara-Ẹni Tàbí Ìjọba Apàṣẹwàá

Ìjídìde ni ìṣẹ̀lẹ̀ tí àwọn aráàlú fi ń para pọ̀ bi ìjọba tó wà lórí àlééfà wó, tí wọ́n sì ń gbé ètò ìṣàkóso tuntun kalẹ̀. Àwọn kan a máa yọrí sí ìjọba ara-ẹni, ìyẹn ìjọba tí aráàlú ń fi ìbò yan aṣojú, tí òfin sì ń ká alágbára lọ́wọ́ kò. Àwọn mìíràn a máa parí sí ìjọba apàṣẹwàá, níbi tí ẹnì kan tàbí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ti ń pàṣẹ láìsí ẹni tó lè bi í léèrè. Kì í ṣe adùn ìlérí àwọn aṣáájú ló sábà ń pinnu èyí tí yóò ṣẹlẹ̀, bí kò ṣe ìgbìmọ̀ tí aráàlú ti ní tẹ́lẹ̀, ewu ogun, àti ẹni tí àwọn ọmọ ogun ń gbọ́ tirẹ̀.

Àṣà ìgbìmọ̀

Níbi tí aráàlú bá ti ń dìbò, tí wọ́n sì ń ṣòfin fún ara wọn kí ìjídìde tó dé, àyè ìṣàkóso kì í ṣófo nígbà tí ọba bá kúrò. Nínú àwọn ìletò 13 tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní Amẹ́ríkà, ilé aṣòfin ti wà ní Virginia láti 1619, àwọn ìletò yòókù sì ní tiwọn. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n kéde òmìnira ní 1776, àwọn tó ti mọ iṣẹ́ náà ló ń bá a lọ. Síbẹ̀, ìjọba tuntun tí wọ́n gbé kalẹ̀ yọ àwọn ẹrú sílẹ̀, tí òfin kò dá nídè káàkiri orílẹ̀-èdè náà títí di 1865.

Ní Faransé ẹ̀wẹ̀, ìgbìmọ̀ àpapọ̀ tí ọba Louis Kẹrìndínlógún pè ní 1789 kò tíì jókòó láti 1614, kò sì sí alààyè kankan tó ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ní Haiti, àwọn ẹrú tó dìde ní 1791 kò láǹfààní ìgbìmọ̀ kankan lábẹ́ òfin àwọn amúnisìn. Wọ́n fòpin sí oko ẹrú, iṣẹ́ akọni tí ayé kò gbọdọ̀ gbàgbé, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn ọ̀gágun ni àṣẹ wà nígbà tí Jean-Jacques Dessalines kéde òmìnira ní 1804, ó sì fi ara rẹ̀ jọba lọ́dún yẹn kan náà.

Ogun àti ìbẹ̀rù

Ogun a máa fún àwọn aṣáájú láyè láti pe alátakò ní ọ̀dàlẹ̀. Lẹ́yìn tí Faransé wọ ìjà pẹ̀lú Austria ní 1792, ìgbìmọ̀ ìjọba tí olóṣèlú Robespierre jẹ́ òpó rẹ̀ pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kí wọ́n tó pa òun náà ní 1794. Ogun kan náà ló sọ ọ̀gágun Napoleon di olókìkí, tó fi gbàjọba ní 1799.

Ọwọ́ tí ohun ìjà wà

Ní Rọ́ṣíà, ẹgbẹ́ Bolshevik tí Lenin ń darí gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò péré nínú ìdìbò sí ìgbìmọ̀ aṣòfin ní ìparí 1917, ṣùgbọ́n àwọn ni wọ́n ní ohun ìjà, wọ́n sì tú ìgbìmọ̀ náà ká lẹ́yìn ìjókòó kan ṣoṣo ní January 1918. Ní ìdàkejì, ní Amẹ́ríkà, George Washington tó darí àwọn ọmọ ogun dá ipò ọ̀gágun padà fún ìgbìmọ̀ aṣòfin ní 1783. Àwọn ológun tó lé ìjọba Portugal kúrò ní April 1974 náà jẹ́ kí aráàlú dìbò lẹ́yìn ọdún kan géérégé.

Orílẹ̀-èdè Benin rí apá méjèèjì. Mathieu Kérékou, tó fi ìbọn gbàjọba ní 1972, fi orúkọ ìjídìde gbé ìjọba ẹlẹ́gbẹ́ kan ṣoṣo kalẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba kò rí owó oṣù san mọ́, àpérò orílẹ̀-èdè tó wáyé ní Kútọnu ní February 1990 kéde pé ìpinnu òun ni abẹ gé. Kérékou fara mọ́ ọn, ìbò sì gbé Nicéphore Soglo wọlé ní 1991.

Ìjọba ara-ẹni tí a jà fún lè tún bọ́ mọ́ni lọ́wọ́: Tunisia, tó lé ààrẹ apàṣẹwàá Ben Ali lọ ní 2011, tó sì kọ ìwé òfin orílẹ̀-èdè tuntun ní 2014, rí i tí ààrẹ tí ìbò gbé wọlé dá iṣẹ́ ilé aṣòfin dúró ní 2021. Bíbi ìjọba búburú wó kò tó. Aráàlú gbọ́dọ̀ ní ìgbìmọ̀ tó lè sọ fún olóhun-ìjà pé ó tó, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ìgbìmọ̀ náà lójoojúmọ́.