Lẹ́yìn Agogo Ìparí Ẹ̀kọ́: Ìtàn Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ ní Àwọn Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama Ìlú Kéékèèké ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ìfáárà

Ohun tí ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá sábà máa ń tẹnu mọ́ ni ọdún ìdásílẹ̀, orúkọ àwọn ọ̀gá àgbà àti bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ṣe sí nínú ìdánwò. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí agogo ìparí ẹ̀kọ́ bá ti lù kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ yọ. Bẹ́ẹ̀, láàárín agogo yẹn sí àkókò ìbùsùn ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti kọ́ bí a ṣe ń darí ìpàdé, bí a ṣe ń ṣe ìṣirò owó ẹgbẹ́, àti bí ẹni tí ìbò kò gbè ṣe lè gba èsì láì bínú kúrò láwùjọ. Àpilẹ̀kọ yìí yẹ ìtàn àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wò, pàápàá ní ìlú kéékèèké ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Kókó rẹ̀ ni pé àkókò ni ẹgbẹ́ fi ń gbé. Nígbà tí ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ, àkókò yẹn ni kò bá wọn wọlé.

Ẹgbẹ́ Kí Ilé-Ẹ̀kọ́ Tó Dé

Kì í ṣe òyìnbó ló kọ́ Yorùbá ní ẹgbẹ́ kíkó. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, àwọn tí a bí ní sáà kan náà a máa wà nínú règbérègbé kan ṣoṣo, wọn a sì jọ gbé iṣẹ́ ìlú. Káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ni àárò àti ọ̀wẹ̀ sì wà. Nínú àárò, àwọn ẹlẹgbẹ́ a máa bá ara wọn roko ní títẹ̀léra. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹni tó bẹ̀ wọ́n lọ́wẹ̀ ni yóò wá oúnjẹ tí wọn yóò jẹ. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ àgbẹ̀ bá dé ilé-ẹ̀kọ́ girama tó bá ẹgbẹ́ níbẹ̀, ìkójọpọ̀ kọ́ ló ṣàjèjì sí i. Ìlànà ló ṣàjèjì: ìwé òfin, ìbò dídì, àkọsílẹ̀ ìpàdé àti sáà ìṣàkóso tó lópin.

Ilé-ẹ̀kọ́ girama CMS tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1859 ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Abẹ́òkúta ní tirẹ̀ ní 1908, Ìjẹ̀bú-Òde àti Ìbàdàn sì ní tiwọn ní 1913. Àkókò yìí kan náà ni àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wọlé: Boys' Brigade ní 1908, Scout ní 1915, Girl Guides ní 1919. Àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ní aṣọ, ìbúra àti ipò oníkálukú, wọ́n sì kọ́ ọmọ ní ìgbọràn. Ẹ̀kọ́ mìíràn ni ẹgbẹ́ àríyànjiyàn mú wá ní tirẹ̀.

Ẹgbẹ́ Àríyànjiyàn

Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ ń gbé inú ọgbà, òpin ọ̀sẹ̀ ni ẹgbẹ́ yìí máa ń pàdé. Àwọn ọmọ fúnra wọn ni alága, akọ̀wé àti ẹni tó ń ṣọ́ aago. Olùkọ́ kan a jókòó sẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí olùdámọ̀ràn. Akọ̀wé a ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ a ṣe àtúnṣe sí i, wọn a sì gbà á wọlé kí wọ́n tó kan ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà. Ṣé àgbẹ̀ wúlò ju olùkọ́ lọ? Ṣé ìgbé ìlú ńlá sàn ju ti abúlé lọ? Irú ìbéèrè báyìí kò jinlẹ̀ létí àgbà, ṣùgbọ́n ọmọ tí a bá yan ẹ̀gbẹ́ tí kò fẹ́ràn fún gbọ́dọ̀ wá ẹ̀rí sí i lẹ́yìn dandan. Nípa bẹ́ẹ̀ ló fi mọ̀ pé ẹni tó ta kò ó lè ní òye tirẹ̀.

Ìyípadà ńlá kan wà nínú èyí. Nílé, ọmọdé kì í já àgbà nírọ́ ní gbangba. Nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà, àwọn ọmọ kíláàsì ìsàlẹ̀ ló ń pọnmi, tí wọ́n ń fọ aṣọ fún àwọn ti òkè. Ṣùgbọ́n lórí pèpéle àríyànjiyàn, ọmọ kíláàsì kejì lè dìde kó fi ohùn pẹ̀lẹ́ fọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ kíláàsì karùn-ún sí wẹ́wẹ́, kí alága sì dáàbò bò ó títí àkókò rẹ̀ yóò fi pé. Bí wọ́n bá padà dé yàrá ìbùsùn, ọ̀rọ̀ lè yí padà. Ẹ̀gbọ́n tí a dójú tì lè rán an níṣẹ́ dòru. Síbẹ̀, ó ti rí i pé ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ tó mọ́gbọ́n wá ti lágbára ju ipò lọ.

Ìjẹ̀bú-Igbó àti Ìkẹ́nnẹ́

Ní 1949, ìlú Ìjẹ̀bú-Igbó ní ilé-ẹ̀kọ́ girama tirẹ̀, Molusi College. Stephen Awókọ̀yà ni ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́. Òun ló di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ fún Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà lẹ́yìn náà, tó sì gbé ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ kalẹ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní 1955. Táí Ṣólàárìn ló rọ́pò rẹ̀ ní Molusi. Nígbà tí ohùn òun àti àwọn aláṣẹ kò ṣọ̀kan lórí ipò ẹ̀sìn nínú ilé-ẹ̀kọ́, ó kúrò níbẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù kìn-ín-ní 1956, òun àti aya rẹ̀, Sheila, ṣí Mayflower School ní Ìkẹ́nnẹ́, ìlú tí wọ́n bí i sí.

Ní Mayflower, ohun tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn fi sí ẹ̀yìn agogo di ara ẹ̀kọ́ gan-an. Ọkùnrin àti obìnrin jọ dáko, wọ́n sin adìẹ, wọ́n sì lọ́wọ́ nínú kíkọ́ ilé tí wọ́n ń lò. Ní àkókò tí ọ̀pọ̀ òbí ń rán ọmọ lọ sí girama kí ó má baà di àgbẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ìlú kékeré fi ọkọ́ lé ọmọ náà lọ́wọ́ padà. Ìjà ni èyí bá èrò tó gbòde nígbà náà pé ẹni tó kàwé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan erùpẹ̀.

Ẹ̀sìn tí Ṣólàárìn yọ kúrò ní Mayflower rí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ fi ṣe ilé níbòmíràn. Ní 1954, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Èkó dá ẹgbẹ́ Muslim Students' Society sílẹ̀, Lateef Adégbìtẹ́ sì ni ààrẹ àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ nígbà náà wà lọ́wọ́ àwọn ìjọ Kristẹni. Ọmọ Mùsùlùmí tó wà níbẹ̀ nílò ibi tí yóò ti mọ̀ pé òun nìkan kọ́. Ẹgbẹ́ náà tàn dé àwọn ìlú kéékèèké. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ló bí i, kì í ṣe àgbà.

Ọ̀rọ̀ Èdè

Àbùkù kan wà tí kò ṣeé fi bò. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe àríyànjiyàn. Ẹni tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní fanákúlà, lè san owó ìtanràn tàbí kó lọ gé koríko. Ọmọ tí òwe kún ẹnu rẹ̀ nílé lè di odi lórí pèpéle. Inú eré orí ìtàgé ni Yorùbá gbà padà wọlé. Nígbà tí eré onítàn bí Ẹfúnṣetán Aníwúrà ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá, tó jáde ní 1970, àti Baṣọ̀run Gáà ti Adébáyọ̀ Fálétí, tó jáde ní 1972, dé ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ẹgbẹ́ òṣèré rí ohun tí òbí tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè wá wò. Ìyá àti bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n sì gbọ́ ohun tí ọmọ wọn ń sọ. Ọmọ tó ń san ìtanràn nítorí Yorùbá lọ́sàn-án di ẹni tí a ń pàtẹ́wọ́ fún nítorí rẹ̀ lálẹ́.

Ọdún 1979 àti Ohun Tó Tẹ̀lé E

Ní 1979, ẹgbẹ́ òṣèlú UPN gba ìjọba ní ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Oǹdó àti Bendel, wọ́n sì sọ ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́. Adékúnlé Ajásin, gómìnà Oǹdó, ti jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ ní Ọ̀wọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Àìmọye ọmọ tí owó ilé-ẹ̀kọ́ ì bá dá dúró ló wọlé. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tó ń ṣàárò ìgbà àtijọ́ gbàgbé èyí, nítorí ìwọ̀nba ọmọ díẹ̀ ni ẹgbẹ́ àríyànjiyàn ìgbà yẹn wà fún.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tuntun kò ní ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́. Ilé ni ọmọ ti ń wá, ilé ni ó ń padà sí, ibòmíràn sì wà tó jẹ́ pé àwọn ọmọ ọ̀wọ́ kejì ti ń dúró de àga kí ti òwúrọ̀ tó dìde. Ọmọ tó ní kìlómítà mélòó kan láti rìn, tí igbá ọjà ìyá rẹ̀ sì ń dúró dè é, kò lè jókòó di alẹ́ nítorí àríyànjiyàn. Lẹ́yìn náà ni ìdánwò gba ìyókù àkókò. Àwọn òbí tó rọ́wọ́ họrí ń sanwó lẹ́sìnnì ọ̀sán, ẹgbẹ́ sì di orúkọ lásán lórí pátákó ìkéde.

Àgbálọgbábọ̀

Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, yóò bá àgbà jẹun. Àwọn tó dá ilé-ẹ̀kọ́ girama sílẹ̀ ní ìlú kéékèèké mọ̀ pé ìwé nìkan kò tó fi wẹ ọwọ́ náà. Àwọn tó sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ mọ̀ pé kò yẹ kí omi náà jẹ́ ti ọmọ olówó nìkan. Òtítọ́ ni èyí àti ìyẹn. Iṣẹ́ tó ṣẹ́kù ni láti so wọ́n pọ̀. Kò pọn dandan kí a padà sí ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ kí èyí tó ṣeé ṣe. Bí ẹgbẹ́ bá ní wákàtí tirẹ̀ nínú àtẹ ìṣẹ́ ọ̀sẹ̀, kí agogo ìparí tó lù, ọmọ tó ń lọ kiri ọjà yóò rí àyè dìbò, yóò rí àyè ka àkọsílẹ̀ ìpàdé, yóò sì rí àyè sọ̀rọ̀, ní Gẹ̀ẹ́sì tàbí ní Yorùbá, kí alága tó sọ fún un pé àkókò rẹ̀ ti pé.