Jìgá ní Etíkun Èkó: Abẹ́rẹ́, Epo àti Ilẹ̀ Ilé

Ìtàn a máa dárúkọ àwọn ọ̀tá tí ó gbé idà àti ìbọn wọ ìlú, ṣùgbọ́n kì í sábà dárúkọ àwọn tí ó wọlé láìfọn fèrè. Ọ̀kan nínú irú àwọn ọ̀tá bẹ́ẹ̀ ni jìgá. Ní etíkun Èkó, láti Àgbádárìgì títí kọjá Ajah dé Lekki, níbi tí iyanrìn ti jẹ́ ilẹ̀ ìta tí ó sì tún jẹ́ ilẹ̀ yàrá, kòkòrò kékeré yìí ti fi ìyà jẹ ọmọdé àti àgbà fún ìgbà pípẹ́. Kì í ṣe pé àwọn ènìyàn káwọ́ gbera. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ bá a jà, wọ́n fi epo bá a jà, wọ́n sì fi ìgbálẹ̀ àti omi bá a jà. Bí a bá yẹ ìjà náà wò dáadáa, a ó rí i pé ìtọ́jú àtọwọ́dọ́wọ́ inú ilé kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ọ̀mọ̀wé fi ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n a ó rí i pẹ̀lú pé kò tó, nítorí inú ẹsẹ̀ ni abẹ́rẹ́ ti ń wá jìgá, inú ilẹ̀ ilé sì ni ó ti ń dàgbà.

Orúkọ jìgá fúnra rẹ̀ jẹ́rìí pé àlejò ni. Yorùbá ní orúkọ tirẹ̀ fún àwọn kòkòrò ara tí ó ti bá a gbé láti àtètèkọ́ṣe: iná orí, iná aṣọ, eégbọn, yọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àyálò láti ẹnu Gẹ̀ẹ́sì ni jìgá, àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá sì yá a láti ẹnu àwọn onílẹ̀ erékùṣù Caribbean. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ibùgbé rẹ̀ àtijọ́. Ní ọdún 1526, Oviedo, òǹkọ̀wé ọmọ Sípéènì, ti kọ̀wé nípa ìyà tí ó fi jẹ àwọn ará ìlú rẹ̀ ní erékùṣù tí Haiti wà lónìí. Jean de Léry, ọmọ Faransé tí ó dé Brazil ní ọdún 1557, tí ìwé rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1578, ṣàlàyé bí ó ti ń wọ abẹ́ èékánná. Ó fi ohun kan kún un tí ó yẹ kí ọmọ Yorùbá fetí sí: ó ní epo pupa kan tí ó ki, èyí tí àwọn onílẹ̀ ń fún láti ara èso igi, ni wọ́n fi ń pa ìka ẹsẹ̀ wọn, láti fi wo ẹni tí ó ti ní in sàn àti láti fi dáàbò bo ẹni tí kò tíì ní in.

Ohun tí ọ̀pọ̀ òpìtàn ìṣègùn gbà nípa bí ó ti dé Áfíríkà láti dúró ni pé ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Thomas Mitchell, ni ó gbé e wá. Ọkọ̀ náà ṣí láti Rio de Janeiro, ó sì gúnlẹ̀ sí Ambriz ní Angola ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1872. Iyanrìn ni wọ́n kó sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ó lè wúwo, kí ìgbì má baà dà á nù. Inú iyanrìn náà àti ẹsẹ̀ àwọn atukọ̀ ni jìgá gbà dé èbúté. Láàárín ọdún díẹ̀ ó ti tàn ká etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó tún bá àwọn aláàárù, ọmọ ogun àti oníṣòwò la àárín ilẹ̀ kọjá, ó dé Zanzibar ní ọdún 1898, ó sì dé Madagascar ní ọdún 1899. Kò pé 30 ọdún tí ó fi rin Áfíríkà já láti òkun dé òkun. Èkó, tí í ṣe ìlú ọkọ̀, kò lè bọ́ nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Palma àti Lekki, àwọn èbúté òwò apá ìlà-oòrùn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti gbà mọ́ Èkó láti ọdún 1863.

Kí ọ̀rọ̀ ìtọ́jú rẹ̀ tó lè yéni, ó yẹ kí ìṣe kòkòrò náà kọ́kọ́ yéni. Irú yọ̀rọ̀ kan ni, gígùn rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí mìlímítà 1 lọ. Akọ àti abo a máa mu ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n abo nìkan ni ó ń wọ inú awọ ara lọ láti máa gbé. Orí ni ó ń fi wọlé. Ó sì ń fi ìdí sílẹ̀ ní ẹnu ihò kékeré kan tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí. Ihò yìí ni ó fi ń mí, ibẹ̀ náà ni ó sì ń gbà yé ẹyin. Láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá, ikùn rẹ̀ a wú bí hóró ẹ̀wà, yóò sì máa fún ẹni tí ó wọ̀ ní ìyún àti ìrora. Ẹyin tí ó ń yé lé ní 100. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, a kú síbi tí ó wà. Ṣùgbọ́n ẹyin rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀ ní tirẹ̀. Bí wọ́n bá bọ́ sórí iyanrìn gbígbẹ tí òjò kì í pa, wọn a pa ní ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sì tó fún wọn láti di jìgá tí yóò tún máa wá ẹsẹ̀ kiri. Ẹsẹ̀ ènìyàn nìkan kọ́ ni ó mọ̀: ẹlẹ́dẹ̀, ajá, ológbò àti eku jẹ́ ilé fún un pẹ̀lú.

Bí a bá wo ilẹ̀ Lekki, bí ẹni pé a ṣe é fún irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀já iyanrìn tóóró ni, òkun wà ní apá kan rẹ̀, ọ̀sà wà ní apá kejì. Kí ọ̀nà ọ̀dà láti Èkó sí Ẹ̀pẹ́ tó la ibẹ̀ kọjá, abúlé àwọn apẹja àti àwọn tí ń gbin àgbọn ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Ọparun, imọ̀ ọ̀pẹ tàbí pákó ni wọ́n fi ń kọ́lé. Ní òkè ilẹ̀ Yorùbá, àwọn obìnrin lè gún ilẹ̀ alámọ̀ kí ó le, kí wọ́n sì fi bọ́tọ̀ pa á títí yóò fi dán. Ṣùgbọ́n iyanrìn etíkun kì í gba bọ́tọ̀. Orí rẹ̀ ni ọmọ ti ń rá, orí rẹ̀ ni a ń tẹ́ ẹní sí, orí rẹ̀ ni a ń jókòó sí láti tún àwọ̀n ṣe. Ohun tí ó kù fún ìyàwó ilé ni kí ó wọ́n omi sílẹ̀ ní òwúrọ̀ kí ó tó gbálẹ̀. Èyí kì í ṣe ìmọ́tótó lásán, nítorí jìgá kò fẹ́ ilẹ̀ tútù.

Ohun ìjà àkọ́kọ́ ni abẹ́rẹ́. Ìyá tàbí ìyá àgbà a mú ẹsẹ̀ ọmọ lé orí itan, a fọ̀ ọ́ mọ́, a sì fi ẹnu abẹ́rẹ́ ṣí awọ tí ó yí àmì dúdú náà ká díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi yọ àpò funfun náà jáde lódindi. Iṣẹ́ ọwọ́ tí ó gba sùúrù ni. Bí àpò náà bá bẹ́ sínú, ohun tí ó ṣẹ́kù a máa rà nínú ẹran ara, egbò a sì di ọgbẹ́. Nítorí náà ni ó ṣe jẹ́ pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dá a ni wọ́n ń gbé ọmọ lọ bá. Lẹ́yìn èyí ni wọn a fi epo pupa, àdín tàbí kẹrosíìnì dí ojú ihò náà.

Ṣùgbọ́n ewu ńlá fara pamọ́ sínú abẹ́rẹ́ yìí. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sábà fi ń yọ ti gbogbo ọmọ ilé, láti ẹsẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn. Ihò tí ó ṣí sílẹ̀, tí ó sì tún ń tẹ iyanrìn, jẹ́ ẹnu ọ̀nà fún àrùn ipá tí àwọn dókítà ń pè ní tẹ́tánọ́ọ̀sì. Ní ọdún 1989, àwọn dókítà ilé ìwòsàn ńlá kan ní Brazzaville kọ̀wé nípa àwọn tí ojú jìgá ni àrùn náà gbà wọ ara wọn. Fún ẹni tí kò bá kú, èékánná a máa bọ́, ìka a máa wọ́, ẹlòmíràn a sì máa fi gìgísẹ̀ rìn. Ọmọ ilé ìwé tí ń tiro kò ní lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré, ẹgbẹ́ rẹ̀ a sì máa pè é ní oníjìgá. Ìtìjú yìí a máa mú kí ọmọ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ pamọ́ títí ọ̀kan yóò fi di ogún.

Ọ̀rọ̀ epo ni ó yẹ kí ó ya àwọn tí ń fojú tín-ín-rín ìmọ̀ àwọn àgbà lẹ́nu. Bí jìgá bá ti jẹ́ pé ihò kan ṣoṣo ni ó fi ń mí, ohun tí ó bá dí ihò náà yóò sé e léèémí. Ohun tí àwọn ará Brazil mọ̀ nígbà ayé Léry nìyẹn, ohun tí àwọn ìyá etíkun Èkó sì ń fi epo wá nìyẹn pẹ̀lú. Ní ọdún 1897, ọdún 1950 àti ọdún púpọ̀ lẹ́yìn wọn, ìṣègùn òyìnbó kò ní oògùn kan tí ó dá yàtọ̀ fún jìgá ju pé kí a yọ ọ́, kí a sì fọ ojú rẹ̀. Ọdún 2014 ni àwọn olùwádìí tẹ àbájáde ìdánwò kan jáde tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọ ilé ìwé ní Kenya. Wọ́n fi òróró kan tí ń jẹ́ dimeticone, tí kì í ṣe májèlé, pa ẹsẹ̀ kan, wọ́n sì rẹ ẹsẹ̀ kejì sínú omi oògùn aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ó di ọjọ́ keje, 78 nínú 100 jìgá tí òróró kàn ni ó ti kú. 39 péré nínú 100 ni omi oògùn náà pa. Ní Brazil àti Madagascar pẹ̀lú, ìpara kan tí òróró àgbọn wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń fi pa ẹsẹ̀ ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́, dín iye jìgá tí ń wọ ẹsẹ̀ kù púpọ̀.

Èyí kò sọ epo pupa di dimeticone. Òróró ti ìgbàlódé ṣàn ju epo lọ, ó sì rọrùn fún un láti wọ inú ihò kékeré náà. Kò sì dá kẹrosíìnì láre, nítorí ó a máa jó awọ ara, ó sì léwu nítòsí iná. Ohun tí ó fi hàn ni pé ọ̀nà tí àwọn ìyá tọ̀ nígbà tí wọ́n gbé ìgò epo tọ́ fún wọn ju èyí tí wọ́n tọ̀ nígbà tí wọ́n gbé abẹ́rẹ́ lọ.

Síbẹ̀, àti abẹ́rẹ́ àti epo kò mú jìgá kúrò ní abúlé. Àwọn àgbà ti sọ ìdí rẹ̀ tipẹ́: bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ní ọdún 1981, àwọn olùwádìí méjì, Ade-Serrano àti Ejezie, kọ̀wé nípa jìgá ní Ọ̀tọ̀-Ìjànikin ní ọ̀nà Àgbádárìgì. Ní ọdún 2007, Ugbomoiko àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí tiwọn jáde láti Erekiti, abúlé kan ní apá kan náà, lórí iyanrìn etíkun kan náà pẹ̀lú ti Lekki. Ènìyàn 557 ni wọ́n yẹ̀ wò. 252 nínú wọn ni ó ní jìgá, èyí tí í ṣe 45 nínú 100. Wọ́n wádìí ohun tí ó fà á. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ilẹ̀ yàrá oníyanrìn tàbí alámọ̀ ni ó wà nídìí nǹkan bí 74 nínú 100 ọ̀ràn náà, àìwọ bàtà tí ó bo ẹsẹ̀ wà nídìí nǹkan bí 52, ẹlẹ́dẹ̀ tí ń jẹ̀ káàkiri àgbàlá sì wà nídìí nǹkan bí 38. Àwọn ìdí náà wọnú ara wọn ni iye wọn fi ju 100 lọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ilé ni olórí wọn.

Ìyípadà tí ó dé bá Lekki àti Ajah fìdí èyí múlẹ̀. Láti ìgbà tí ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ ti ṣí ní àwọn ọdún 1980, ilé alájà, sìmẹ́ǹtì àti òkúta dídán ti gba ibi tí àgbọn wà tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ tí a bí sínú irú ilé bẹ́ẹ̀ kò mọ jìgá bí kò ṣe nínú ìtàn. Kì í ṣe oògùn ni ó wò wọ́n sàn. Ilẹ̀ yàrá tí kò lè gba ẹyin jìgá ni. Ṣùgbọ́n ire yìí kò kan gbogbo ènìyàn. Ní oṣù Keje ọdún 1990, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó wó Maroko, nǹkan bí 300,000 ènìyàn sì di aláìnílé. Àwọn díẹ̀ rí yàrá gbà ní Ilasan àti Ikota. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kù fọ́n ká, wọ́n sì tún fi pákó kọ́lé níbi tí wọ́n bá rí. Ẹni tí a lé kúrò lórí sìmẹ́ǹtì tí ó fi owó ara rẹ̀ rà padà sórí iyanrìn, padà sí ọ̀dọ̀ abẹ́rẹ́ àti ìgò epo. Ìtọ́jú inú ilé nílò ilé kí ó tó lè ṣiṣẹ́.

Ní ọdún 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka ìfọ́n àti àwọn àrùn tí irú kòkòrò ara bẹ́ẹ̀ ń fà mọ́ àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí a ti pa tì. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí àjọ kan tó dé abúlé, olùkọ́ ti wà níbẹ̀. Nígbà tí ọmọ kan bá ń tiro wọ kíláàsì, kì í ṣe pàṣán ni ó tọ́ sí i, kì í sì í ṣe ẹ̀sín. Kí a bi í bí ilẹ̀ yàrá wọn ti rí. Kí a kìlọ̀ fún àwọn òbí rẹ̀ kí wọ́n má ṣe fi abẹ́rẹ́ kan yọ jìgá ẹni méjì. Kí a rí i pé ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ń dènà àrùn ipá. Àwọn ìyá etíkun ti ṣe ipa tiwọn pẹ̀lú ohun tí ọwọ́ wọn bà. Ipa tí ó kù, ti ẹni tí ó ní sìmẹ́ǹtì àti àṣẹ lọ́wọ́ ni.