Àìgbàgbọ́ nínú Ọlọ́run
Èyí ni ipò ẹni tí kò gbà pé Ọlọ́run tàbí òrìṣà kankan wà. Bóyá ìgbàgbọ́ ni òun náà, àríyànjiyàn ni. Ní 1972, Antony Flew, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Gẹ̀ẹ́sì, ya ẹni tó ní Ọlọ́run kò sí sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí kò kàn gbà pé ó wà. Ìyàtọ̀ yìí ṣe kókó: ẹni àkọ́kọ́ ti sọ ohun tó gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí tì lẹ́yìn, èkejì kò tíì sọ nǹkan kan. Síbẹ̀, ní 2005, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan ní Amẹ́ríkà ka àìgbàgbọ́ ẹlẹ́wọ̀n kan sí ẹ̀sìn lábẹ́ òfin, kó lè rí ààbò tí àwọn ẹlẹ́sìn ń rí.