Tábà Bàhíà àti Ilẹ̀ Ògìyán

Ẹni tí ó mọ iyì wúrà là ń tà á fún. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ tábà rí lójú àwọn baba wa ní Ìsúndúnrin àti ní gbogbo àyíká Èjìgbò, ilẹ̀ Ògìyán, òrìṣà tí ń jẹ iyán, nítorí wọn kì í fi ojú lásán ra ewé: wọn a fọwọ́ rún un, wọn a gbé e símú, wọn a fi díẹ̀ sẹ́nu, kí wọ́n tó sọ pé èyí yẹ ìkòkò, èyí sì ni kí a fi kánún lọ̀ di aṣáà. Àwọn tí ń fi owó gọbọi ra sìgá tí a fi odidi ewé wé lóde òní, tí wọ́n ń gbọ́ òórùn rẹ̀ kí wọ́n tó ṣáná sí i, iṣẹ́ imú àti ahọ́n kan náà ni wọ́n ń ṣe.

Láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ewé náà ti wá, àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn ará Pọtogí àti Bràsíìlì, ni wọ́n sì gbé púpọ̀ rẹ̀ dé etí òkun wa. Ní Bàhíà, ní ilẹ̀ Bràsíìlì, àṣàyàn ewé ni ọba Pọtogí ní kí wọ́n máa kó lọ sí Lísíbọ̀nù. Àṣàkù, ewé ìpele kẹta, ni wọ́n yọ̀ǹda fún Wídà àti àwọn èbúté ìhà wa. Kí ó má baà gbẹ, wọ́n lọ́ ọ bí okùn, wọ́n fi omi ìrèké dúdú tí ó ki bí oyin pa á lára, wọ́n ká a jọ, wọ́n sì fi awọ màlúù dì í. Ohun tí wọ́n fi bo àbùkù mọ́lẹ̀ ni ó wá di adùn: òórùn rẹ̀ ta sánsán, àwọn oníṣòwò etí òkun sì fẹ́ràn rẹ̀ ju tábà ibòmíràn lọ.

Adùn ní í gbẹ̀yìn ewúro, ṣùgbọ́n ìkorò ni ó gbẹ̀yìn adùn tábà yìí. Ìdì rẹ̀ ni wọ́n fi ń ra ọmọ ènìyàn, àwọn ọmọ Yorùbá tí ogun kó sì wà nínú àwọn tí a tà bẹ́ẹ̀, títí Bràsíìlì fi fi òfin dí ọ̀nà òwò náà ní 1850. Púpọ̀ nínú wọn bá ara wọn ní Cachoeira àti ìgbèríko Bàhíà, níbi tí ewé náà gan-an ti ń hù. Ní 1873 ni ará Jámánì kan, Dannemann, dá ilé iṣẹ́ sìgá sílẹ̀ ní São Félix, tí ó kọjú sí Cachoeira ní òdìkejì odò, àwọn tí ó mọ sìgá sì ń yin ewé ilẹ̀ náà títí di òní.

Àwọn tí a kó lọ kò lọ lọ́wọ́ òfo: wọ́n gbé òrìṣà wọn dání. Ní Bàhíà, lónìí yìí, wọ́n ń bọ Ògìyán, ọba Èjìgbò, wọ́n sì ń fi iyán bọ ọ́.