ÌYÍPADÀ ÈTÒ IṢẸ́ NÍNÚ ILÉ-Ẹ̀KỌ́: ÀPẸẸRẸ COMPREHENSIVE HIGH SCHOOL, AYÉTÒRÒ

Ìfáárà

Bí a bá ń sọ ìtàn ẹ̀kọ́ ìwé ní ilẹ̀ Yorùbá, ohun tí a sábà máa ń kà ni iye ilé-ìwé tí a kọ́ àti iye ọmọ tí ó wọ inú wọn. Ó ṣọ̀wọ́n kí a wo ilé-ìwé gẹ́gẹ́ bí ibi iṣẹ́, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ní ọ̀nà tí iṣẹ́ ti mọ́ wọn lára, tí ìjọba sì lè pàṣẹ pé kí wọ́n fi ọ̀nà náà sílẹ̀. Ojú tí bébà yìí fẹ́ fi wo Comprehensive High School, Ayétòrò, nìyẹn. Ìbéèrè wa kò ju mẹ́ta lọ: nínú ìyípadà tí a gbé wọ ibẹ̀ ní ọdún 1963, kí ni ó ta gbòǹgbò? Kí ni kò ta gbòǹgbò? Kí sì ni ó fa ìyàtọ̀ náà?

Ibi tí a ti dán ìyípadà náà wò kò ṣàì yẹ fún àfiyèsí. Agbègbè tí à ń pè ní Yewa láti ọdún 1995, Ẹ̀gbádò ni orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn ènìyàn tí ogun Dàhọ̀mì ti tú ká ni wọ́n para pọ̀ di Ayétòrò, orúkọ ìlú náà sì ń jẹ́rìí sí àlàáfíà tí wọ́n ń wá. Ìlú tí a fi onírúurú ènìyàn kọ́ ni a mú láti kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí yóò kó onírúurú ẹ̀kọ́ pọ̀.

Ohun tí ó bí ìyípadà náà

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́. Àwọn ọmọ tí wọ́n jẹ́ 456,600 ní ọdún 1954 di 811,432 ní ọdún kejì. Kò pẹ́ tí ìbéèrè fi dìde: níbo ni àwọn ọmọ wọ̀nyí yóò gbà bí wọ́n bá jáde? Ilé-ẹ̀kọ́ gírámà kò tó, ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ sì dojú kọ iṣẹ́ ọ́fíìsì. Ilé-ẹ̀kọ́ mọ́dà ọlọ́dún mẹ́ta kò mú ẹni tí ó jáde níbẹ̀ dé ibi tí ó ń fẹ́. Ìgbìmọ̀ Ashby, tí ó gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 1960, bá ẹ̀kọ́ wa wí pé ìwé kíkà nìkan ni ó gbájú mọ́, ó sì dámọ̀ràn pé kí iṣẹ́ ọwọ́ wọ inú ẹ̀kọ́ gírámà.

Ní Amẹ́ríkà, James Conant, tí ó ti jẹ́ ààrẹ Yunifásítì Harvard, ti gbé ìwé jáde ní ọdún 1959 láti gbèjà ilé-ẹ̀kọ́ alákòópọ̀, èyíinì ni ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ tí ń lọ sí yunifásítì àti ọmọ tí ń lọ ṣe iṣẹ́ ọwọ́ yóò ti jọ kẹ́kọ̀ọ́. Ìrònú yìí ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn mú lò nígbà tí òun, àjọ USAID àti Yunifásítì Harvard fi ọwọ́ sowọ́ pọ̀ láti dá ilé-ẹ̀kọ́ Ayétòrò sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1963. Kò tíì pé oṣù méjì tí ìjọba pàjáwìrì ọdún 1962 parí ní Ìbàdàn. A kò gbọdọ̀ rò pé àfarawé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni èyí, nítorí ọdún 1965 ni ìjọba ibẹ̀ tó rọ gbogbo àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ wọn láti tẹ̀ lé irú ètò bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó yí padà nínú iṣẹ́ olùkọ́

Ní ilé-ẹ̀kọ́ gírámà, olùkọ́ mọ ààlà oko rẹ̀. Ẹni tí ń kọ́ni ní ìtàn kò ní ohun kan ṣe pẹ̀lú ẹni tí ń kọ́ni ní jọ́gíráfì. Ìwé wà nílẹ̀, sílábọ́ọ̀sì wà nílẹ̀, ìdánwò àṣekágbá sì ń dúró dè wọ́n. Ètò Ayétòrò wó àwọn ààlà wọ̀nyí. Ìtàn, jọ́gíráfì àti ẹ̀kọ́ ìṣèlú di ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo nípa àwùjọ. Àwọn ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì sì di ọ̀kan ní kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀. Ó di dandan kí olùkọ́ mọ ohun tí ẹnì kejì rẹ̀ ń ṣe, kí wọ́n sì jọ jókòó ṣe ètò.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé kò sí ìwé tí a lè rà lọ́jà fún irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn olùkọ́ ní láti kọ ọ́ fúnra wọn, kí wọ́n fi kọ́ni, kí wọ́n rí ibi tí ó kù sí, kí wọ́n tún un kọ. Nípa báyìí, ẹni tí a gbé ìyípadà wá bá di ẹni tí ń ṣe ìyípadà.

Gbòǹgbò àti ewé

Kí àwọn ọdún 1960 tó parí, iṣẹ́ wọn lórí ẹ̀kọ́ àwùjọ ti di ìwé títẹ̀ fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gírámà mìíràn. Ní ọdún 1968 a dá CESAC sílẹ̀ ní Yunifásítì Èkó láti máa ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 1969 ni àpérò ńlá lórí ètò ẹ̀kọ́ wáyé ní Èkó, láti ibẹ̀ ni a sì ti rìn dé Ìlànà Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè ti ọdún 1977. Ẹ̀kọ́ àwùjọ àti sáyẹ́ǹsì alápapọ̀ wà nínú ètò tuntun náà.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ètò 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1982, tí a fẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ dé gbogbo ilé-ìwé, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀. A kó ẹ̀rọ wá láti òkèèrè. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, inú àpótí ni wọ́n wà, nítorí kò sí ilé tí a ó tò wọ́n sí, kò sí iná, kò sì sí olùkọ́ tí ó mọ̀ wọ́n lò.

Ẹnìkan lè sọ pé owó Amẹ́ríkà ni ó mú ti Ayétòrò yọrí, pé kò sì yẹ kí a fi í wé àwọn ilé-ìwé tí kò ní alátìlẹ́yìn. Òótọ́ ni pé owó náà ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n kíyè sí i pé ìwé àwọn olùkọ́ rìn jìnnà láìsí owó náà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rọ tí a fi owó rà ní ọdún 1982 kò sì lè jáde nínú àpótí. Ohun tí olùkọ́ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ni ó ní ẹsẹ̀ tí ó fi rìn.

Àgbálọgbábọ̀

Àwọn àgbà ní ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn. Bí kò fún un lẹ́sẹ̀, a ṣo ó. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Àgbàbọ̀ ni èrò ilé-ẹ̀kọ́ alákòópọ̀ nígbà tí ó dé Ayétòrò. Àwọn olùkọ́ ni wọ́n tún un rán títí tí ó fi bá wa mu, níwọ̀n ibi tí a ti fún wọn ní abẹ́rẹ́ àti òwú. Láti ìgbà náà, a ti tún yí ètò padà: òfin ọdún 2004 sọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ di ọlọ́dún mẹ́sàn-án. Nígbàkígbà tí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ bá jáde, ìbéèrè tí ó yẹ kí òpìtàn kọ́kọ́ bi kì í ṣe iye owó tí a ná tàbí iye ẹ̀rọ tí a rà. Kí ó bi í pé: ta ni ó kọ ìwé náà, ṣé ẹni tí yóò fi kọ́ni sì wà níbẹ̀ nígbà tí a ń kọ ọ́?