Ẹ Fi Igun Kan Sílẹ̀ fún Ewúro

Kí ilé iṣẹ́ tó kún Odógúnyán, ilẹ̀ oko ni. Lọ́dún 1976, ìjọba ológun Ọbásanjọ́ gbé Operation Feed the Nation kalẹ̀: kí oníkálùkù máa gbin oúnjẹ, kódà lẹ́yìnkùlé. Lọ́dún 1978, òfin ilẹ̀ dé, ilẹ̀ bọ́ sábẹ́ gómìnà. Oko ń dín kù, àmọ́ ẹ̀yìnkùlé ṣì wà. Òṣìṣẹ́ tó ti ilé iṣẹ́ dé á bomi rin tẹ̀tẹ̀, á já ewúro, á kó adìẹ wọlé. Owó oṣù lè pẹ́, ọbẹ̀ ò ní í pẹ́. Ní báyìí, sìmẹ́ǹtì la fi ń bo gbogbo ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, bẹ́ ẹ bá ń kọ́lé, ẹ fi igun kan sílẹ̀.